Ọ̀rá Pọ́ọ́kú, Kọ́ngò Màmá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí ìrẹsì, ẹ ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Nídìí ìrẹsì ni ti Tinúolúwa ti bẹ̀rẹ̀. Nídìí ìrẹsì náà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ forí ṣánpọ́n.

Tíṣà ni Tinúolúwa ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo, yàrá kan ló gbà sí Òkè-Fìà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, ọmọ Iléṣà, ọmọ Màmá Julianah tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà Àtakúnmọ̀sà. Láti ìgbà tí ọkọ Julianah ti kú, kọ́ngò kan ṣoṣo ni obìnrin náà fi tọ́ ọmọ, òun ló sì fi rán an níwèé. Bí oṣù bá parí, ìyá a di oúnjẹ sínú àpò, a gbé e fún dírẹ́bà, ó di Òṣogbo. Tinú kì í ra ìrẹsì. Kí ni ọmọ ẹlẹ́ja ń fi owó ra ẹja ṣe?

Àfi ìgbà tó di ọdún 1994, tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nílùú, tí epo bẹntiróò di ohun à-wá-tì. Owó ọkọ̀ láti Iléṣà sí Òṣogbo fò sókè, owó ẹrù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ìrẹsì inú àpò lọ. Tinú ránṣẹ́ sílé pé, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Màá máa ra tèmi níbí."

Ìgbà yẹn gan-an ni Pọ́ọ́kú Súpámákẹ́ẹ̀tì ṣílẹ̀kùn sí Òkè-Fìà. Háà, ẹ bá wo èrò! Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Òṣogbo ló ń wọ́ lọ síbẹ̀. Bébà pupa ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ọjà wọn lára, wọ́n kọ Ẹ̀DÍNWÓ gàdàgbà sí i. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá náà pọ̀, wọ́n kọ "kọ́ngò kan" sí i. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tó ti ọjà rárá.

Tinú mú ọ̀rá ìrẹsì kan, ó ń gbé e sókè sódò lọ́wọ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe.

"Àǹtí, ẹ má dán an wò. Kọ́ngò kan géérégé ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ga, ó dúdú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ dáadáa. Fágbèmí lorúkọ rẹ̀, òun ni mánígà ibẹ̀.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" Tinú bi í.

"Àwa náà ni."

"Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí, ẹ̀yin náà ladájọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Fágbèmí bú sẹ́rìn-ín. "Ó sáà sàn ju tàwọn ìyá ọjà lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Òkúta ni wọ́n fi ń lu ìdí kọ́ngò wọnú. Ẹ máa rò pé kọ́ngò kún, ìdajì rẹ̀ irọ́ ni."

Ojú Tinú yí padà. "Ìyá ọjà ni ìyá mi. Iléṣà ló ti ń ta ìrẹsì. Ìdí kọ́ngò rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Tó bá sì wọ̀n ọ́n tán, yóò tún bu ènì lé e lórí. Ènì tiyín dà?"

Ẹnu mánígà wọhò. Ó túúbá, ó dọ̀bálẹ̀ tán lójú àwọn oníbàárà, Tinú ti kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Nígbà tí ó sanwó tán, tí ó ń lọ, Fágbèmí sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti mú páálí ìṣáná kan, ó ti san owó rẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀, ó gbé e lé orí ìrẹsì Tinú.

"Ènì yín rèé," ó wí.

Tinú kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Fágbèmí a sìn ín dé ẹnu ilé lọ́sàn-án Sátidé, wọn a dúró lẹ́nu géètì títí onílé a fi wúkọ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Fágbèmí, ọmọ Baba Awóníyì káfíńtà. Ilé ọlọ́ṣun ni wọ́n, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ a máa bá Tinú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, a sì máa kọ orin ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Tinú fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́. Bí kò bá rí i lójúmọ́, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti ń ra ọjà ẹ̀dínwó, owó rẹ̀ ń tán kíákíá ju ti ìgbà tí kì í ra ẹ̀dínwó lọ. Tó bá lọ ra ìrẹsì, bébà pupa a pè é síbi bisikíìtì, tó bá kúrò níbẹ̀, bébà pupa a tún pè é síbi ohun tí kò ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ onírẹsì ni, ó mọ ibi tó yẹ kí kọ́ngò kan bá èèyàn dé, ìrẹsì Pọ́ọ́kú kì í sì í bá a débẹ̀.

"Fágbèmí," ó bi í lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, "ṣé ọjà yín yìí ń dín owó lóòótọ́?"

"Ó ń dín in! Ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ, páálí páálí la ń kó wọn láti Èkó. Kò sí ẹni tó lè tà á báyìí lọ́jà."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

Fágbèmí yíjú sí ibi tí wọ́n to agolo tòmátò sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, bẹ́ẹ̀ ó ti wà létò tẹ́lẹ̀. Tinú rí i, ó mú ọ̀rá tirẹ̀, ó lọ sanwó. Ohun tí èèyàn fẹ́ràn, ó máa ń ṣòro láti bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àpìkẹ́, àbúrò ìyá Tinú, ló ṣe alárinà. Òṣogbo ni òun ń gbé, ó mọ ẹbí Awóníyì dáadáa. Òun ló lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà, tó pọ́n ọmọkùnrin náà títí: kì í mutí, kì í sá fún iṣẹ́, ó mọ̀wé. Julianah gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ibo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Súpámákẹ́ẹ̀tì kan báyìí ni, Àǹtí mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Pọ́ọ́kú."

Julianah mọ orúkọ náà. Ọkọ̀ Pọ́ọ́kú ti ń wá sí Iléṣà lọ́jọọjọ́ ọjà, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn polówó. Àwọn oníbàárà tó ti ń pè é ní Màmá láti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ló ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ó wí níkẹyìn. "Ojú ni mo fi máa wò wọ́n."

Wọ́n wá lóòótọ́ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Baba Awóníyì wọ agbádá, ó kó ìbátan dání. Ẹbí Tinú pé sínú pálọ̀, Baba Ọdúntán, ẹ̀gbọ́n bàbá Tinú tó ti kú, ló jókòó sáàárín gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Àdúrà dùn, àwàdà dùn. Julianah pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ló bá di kí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí ẹrù tí àwọn àlejò gbé wá.

Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣúgà àti ìrẹsì wà níbẹ̀. Bébà pupa sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ẹ̀DÍNWÓ. Ẹ̀DÍNWÓ. Ẹ̀DÍNWÓ.

Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe pé Fágbèmí jẹ́ ahun. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń fojú rí bébà pupa yẹn, ojú rẹ̀ kò rí i mọ́. Baba rẹ̀ ní tirẹ̀ kò mọ̀wé kà. Bí wọ́n ṣe gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe gbé e wọlé àna.

Ẹ̀rín kúrò lójú Julianah. Ó mú ìgò oyin, ó gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i.

"Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tọ́ ọmọ yìí ní pípé. N kò bí i ní ẹ̀dínwó. Ta lẹ fẹ́ wá fi pọ́ọ́kú gbé lọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Fágbèmí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àṣìṣe ni, Mà. Mo gbàgbé láti yọ ọ́ ni."

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọkùnrin, ẹnu rẹ̀ a máa ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀. Ó tún ní, "Ọjà kan náà sáà ni, Mà. Owó ẹ̀ ló kàn dín."

"Ọjà kan náà?" Julianah dìde. "Ṣé ìrẹsì inú ọ̀rá yín àti ìrẹsì inú kọ́ngò mi, ọ̀kan náà ni? Ó dáa! Ní Sátidé tó ń bọ̀, mú ọ̀rá kan wá láti ṣọ́ọ̀bù yín, kí n gbé kọ́ngò mi wá láti ìsọ̀. Ká dà á sínú rẹ̀ lójú ẹbí. Tó bá kún, tí ẹ̀dínwó yín bá jẹ́ òótọ́, máa mú ìyàwó ẹ lọ, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Tí kò bá kún, n kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ ní Iléṣà mọ́ láéláé."

"Mo gbọ́, mo sì jẹ́rìí sí i," ni Baba Ọdúntán wí. Ọ̀rọ̀ tí Baba Ọdúntán bá ti jẹ́rìí sí nínú ilé yẹn, ó ti di òfin.

Tinú wo Fágbèmí, Fágbèmí kò wo ojú rẹ̀.

Ní Òṣogbo, Tinú lọ bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó máa kún?"

Fágbèmí káwọ́ gbera. "Agolo kan ni ọ̀gá wa fún wa láti fi máa wọ̀n ọ́n. Ó kéré díẹ̀ sí kọ́ngò."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Láti ọjọ́ tí o fi ń bú ìyá mi?"

"Tinú, n kò mọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ní bí n kò bá lè ṣe é, ẹlòmíì wà níta tó ń wáṣẹ́. Mo panu mọ́."

Omi lé ròrò sí ojú Tinú. Inú bí i, ìfẹ́ sì wà níbẹ̀, èwo ni kó gbé jù sílẹ̀? Níkẹyìn ó sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣí ọ̀rá kan. Bu ẹ̀kúnwọ́ sí i, kí o tún fi iná lẹ ẹnu rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kí n fi irọ́ fẹ́ ọ ni?"

"Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi!"

Fágbèmí wọ inú ṣọ́ọ̀bù padà. Tinú padà sílé láìmọ ohun tí Fágbèmí máa ṣe, ó sì mọ̀ pé Fágbèmí fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Sátidé pé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni Tinú ti dé Iléṣà. Ìyá rẹ̀ ń tún pálọ̀ ṣe, kò gbé ojú sókè. "Lọ sí ìsọ̀, bá mi gbé kọ́ngò wá. Fọ̀ ọ́ dáadáa kí o tó gbé e bọ̀."

Gbogbo ọjà ló mọ kọ́ngò Julianah, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ JULI sí i lára. Tinú bu omi sí i, ó fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ìdí kọ́ngò kò tẹ́ mọ́. Ó wú sókè sínú bí ikùn ọmọ tó yó. Tinú dojú rẹ̀ dé, ó rí ibi tí òkúta ti lù ú, ojú egbò náà ṣì ń dán, kò tíì pẹ́ rárá.

Ó jókòó sórí àpò gàrí.

Raliat, tí ìsọ̀ tirẹ̀ kángun sí ti ìyá rẹ̀, rí i, ó wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Má bá ìyá rẹ jà o, ọmọ mi. Wàláì, òun ló pẹ́ jù kó tó ṣe é nínú gbogbo wa. Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn ní iye báyìí làwọn ń tà, àwọn oníbàárà ní àfi ká tà á ní iye kan náà. Bí iye kan náà bá wà lẹ́nu, ṣé kò ní dín níbì kan ni? Ó sunkún lọ́jọ́ tó lù ú."

Ìgbà náà ni Tinú wá mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó. Lọ́jọ́ tí Julianah ń ké nínú pálọ̀ pé kí wọ́n gbé kọ́ngò òun wá, kọ́ngò tó ti lò látọdúnmọ́dún ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìbínú kò jẹ́ kó rántí èyí tó wà ní ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣeé gbé mì mọ́. Tinú sì tún rí nǹkan kejì: bí kọ́ngò bá ti kéré báyìí, ọ̀rá Pọ́ọ́kú máa kún un, kódà ó máa dà sílẹ̀. Fágbèmí máa borí. Ìgbéyàwó máa wáyé. Bí ẹnì kan bá sì wá fi ọwọ́ kan ìdí kọ́ngò náà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìyá òun bàjẹ́ ní Iléṣà títí dójú ikú.

Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e délé. Julianah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, Mà."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fọ inú rẹ̀, Mà."

Wọ́n wo ara wọn. Julianah mọ̀ pé ọmọ òun ti mọ̀. Ó yíjú kúrò, ó ń na aṣọ orí tábìlì tó ti nà tẹ́lẹ̀.

Fágbèmí dé pẹ̀lú baba rẹ̀ àti Àpìkẹ́. Ọ̀rá ìrẹsì kan ló gbé dání, kò sí bébà pupa lára rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu rẹ̀ dì bí ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó tú u. Tinú rí i bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé kò bu nǹkan kan kún un.

Baba Ọdúntán ní, "Gba kọ́ngò, kí o dà á lójú gbogbo wa."

Fágbèmí gba kọ́ngò lọ́wọ́ Julianah. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ, ó kan ìdí rẹ̀. Tinú ń wò ó. Ó rí i nígbà tí ojú rẹ̀ yí. Ọkùnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ ìdí kọ́ngò látọjọ́ yìí, ta ni kó tún kọ́ ọ? Ó gbójú sókè wo Julianah. Julianah, ìyá aláríyànjiyàn, ìyá tí ẹnu rẹ̀ ń mú bí abẹ, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀.

Dà á, ni Tinú ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Fágbèmí, dà á. Ọlọ́run, má jẹ́ kó dà á. Dà á!

Fágbèmí rọra gbé kọ́ngò náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó mú aṣọ tí wọ́n fi wé e wá, ó fi bò ó.

"Baba, kò sídìí fún dídà," ó wí. "Ọ̀rá wa kò pé. Agolo tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò tó kọ́ngò, mo sì mọ̀. Ṣúgà wa pọ́ọ́kú lóòótọ́, ọṣẹ wa náà pọ́ọ́kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti ìrẹsì, ẹ̀tàn ni. Ẹni tó rà á kò jèrè nǹkan kan. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Màmá."

Baba Awóníyì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́," ni Baba Ọdúntán wí. "Àdéhùn sì ni àdéhùn. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Àpìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Baba Ọdúntán ti dìde. Ọwọ́ Julianah wà lórí aṣọ tó bo kọ́ngò. Tinú mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu báyìí, bí òun bá kàn fa aṣọ yẹn kúrò, òun rí ọkọ òun gbà. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ náà. Kò la ẹnu.

Ìta ló ti sáré bá Fágbèmí, lẹ́bàá títì.

"O fi ọwọ́ kàn án!"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Ò bá kàn dà á ni! Ǹ bá ti di tìẹ!"

"Kí n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, kí n sì gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn? Tinú, ojú wo ni a máa fi wò ó lọ́jọ́ tó bá wá kí wa?" Ó yíjú sí i. "O dákẹ́ náà. Kí ló dé tí o dákẹ́?"

Ọkọ̀ dé, Fágbèmí wọ̀ ọ́ pẹ̀lú baba rẹ̀, ó lọ. Tinú bú u nínú ọkàn rẹ̀, ó tún sunkún nítorí rẹ̀, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ tí Fágbèmí sọ ní Iléṣà ti dé etí ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ti lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́, èrò Pọ́ọ́kú kò dín ní ẹyọ kan. Àwọn èèyàn gbọ́ pé ọ̀rá kò pé, wọ́n ní kò burú, ó sáà pọ́ọ́kú. Fágbèmí padà sí ìsọ̀ baba rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ń kan àga. Tinú gbọ́ lẹ́nu Àpìkẹ́, kò lọ síbẹ̀. Kò lọ sí Iléṣà náà. Ìyá rẹ̀ fi ìrẹsì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àpò náà kún dẹ́nu, Tinú gbé e sí kọ̀rọ̀, kò lè sè é.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Màmá ni, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, Baba Ọdúntán àti Àpìkẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé sábẹ́ apá.

"Wọ bàtà rẹ," Julianah wí. "Mú wa lọ sílé ọmọkùnrin yẹn."

"Julianah, mo ti sọ ọ́ lọ́nà," Baba Ọdúntán ń ráhùn. "Ta ló gbọ́ ọ rí? Ẹbí ìyàwó kì í lọ tọrọ ọkọ!"

"Baba, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Baba Awóníyì sáré gbé àga síta nígbà tó rí wọn. Fágbèmí wà nídìí iṣẹ́, ìdọ̀tí igi bo irun rẹ̀, ó rù díẹ̀. Nígbà tó rí Tinú, òòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Julianah kò jókòó. Ó tú aṣọ, ó mú kọ́ngò jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú Baba Ọdúntán.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Baba."

Baba Ọdúntán fọwọ́ kàn án. Ó tún un kàn. "Julianah! Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni. Kó tó di ọjọ́ tí mo fi ń halẹ̀ nínú pálọ̀ ni mo ti ṣe é. Bí ọmọ yìí bá dà á lọ́jọ́ yẹn, ì bá kún. Ó fọwọ́ kàn án, ó mọ̀, ó sọ tirẹ̀, ó bo tèmi." Omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mi ò tíì tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú yín rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè wo ojú ọmọ mi. Ẹni tó lè bo èmi tí mo ń lé e lọ, kí ni kò ní lè bò fún ọmọ mi?"

Fágbèmí ló kọ́kọ́ rìn. Ó gba kọ́ngò lọ́wọ́ Baba Ọdúntán, ó gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó kó àkísà lé ìdí rẹ̀ nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lù ú padà síta, díẹ̀díẹ̀. Tinú lọ dúró tì í, ó bá a di etí rẹ̀ mú kó má baà yí. Nígbà tó parí, Tinú fi ọwọ́ rẹ̀ kan inú rẹ̀. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àtijọ́, ó ṣì rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílẹ̀.

"Báwo ni ẹ ó ṣe máa tà á báyìí, Màmá?" Tinú bi í. "Àwọn Pọ́ọ́kú ṣì ń wá."

"Mi ò mọ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Ọlọ́run ló mọ̀."

Julianah tú ìdí aṣọ tó fi wé kọ́ngò, ìrẹsì tó dì wá wà níbẹ̀. Ó dà á sínú kọ́ngò títí ó fi kún, títí ó fi ga lókè bí orí òkè. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rọra gbé e lé e lórí, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé Fágbèmí lọ́wọ́.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ wá ṣe ìdána," Julianah wí, ó fi gèlè nu ojú. "Ṣùgbọ́n pípé ni mo fẹ́ ẹ o. Kò sí ẹ̀dínwó."